Bí A Ṣe Lè Mọ Ìtumọ̀ “Nice” Nínú Ìwé Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ náà “nice”. A máa ń fi yin oúnjẹ, a máa ń fi yin aṣọ, a sì máa ń fi ṣàpèjúwe ẹni tí ìwà rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ Geoffrey Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní ọdún 1400, bá gbé ìtumọ̀ òde òní yìí wọ inú ewì náà, yóò ka ẹ̀gàn sí àpọ́nlé, ó sì ṣeé ṣe kó má fura rárá, nítorí pé gbólóhùn mìíràn á ṣì dà bí ẹni pé ó nítumọ̀. Èyí ló mú mi gbà pé ọ̀rọ̀ tí a rò pé a mọ̀ léwu fún òǹkàwé ju ọ̀rọ̀ tí a kò rí rí lọ. Èyí tí a kò rí rí yóò rán wa lọ sídìí ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n èyí tí ojú wa ti mọ̀ yóò jẹ́ kí a kọjá lọ láìbéèrè ohunkóhun.

Mo fi “nice” ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an ní Sànmánì Agbedeméjì, ìyẹn, ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500. Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó ka Chaucer ní yunifásítì, fún olùkọ́ tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ irú ewì bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá. Atúmọ̀ kò lè fo ọ̀rọ̀ tó bá rú u lójú. Dandan ni kó yan ìtumọ̀ kan, kó sì lè sọ ìdí tó fi yàn án.

Ẹ kọ́kọ́ mọ orísun rẹ̀

Ní ọdún 1066, William, olórí Normandy, kó ogun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣẹ́gun, ó sì gorí ìtẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Faransé ni èdè ààfin àti ti àwọn ọlọ́lá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ Faransé sì ń wọ inú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. “Nice” wà lára wọn. Nǹkan bí ọdún 1300 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Faransé ìgbà náà, aláìmọ̀kan tàbí òmùgọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Faransé rí i láti ara “nescius” ti èdè Látìn, èyí tí wọ́n fi “ne”, tó túmọ̀ sí “kò”, àti “scire”, tó túmọ̀ sí “láti mọ̀”, so pọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan ni. Òpè ni Yorùbá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé di “òpè” yìí mú, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tiwa mìíràn tó sún mọ́ “nice” ayé ìgbà náà tó o.

Láti ara òpè ni àwọn ẹ̀ka yòókù ti yọ. Láàárín igba ọdún tó tẹ̀ lé e, “nice” lè túmọ̀ sí ẹni tí kò ní làákàyè tàbí ìwà tí kò mọ́gbọ́n dání. Ó lè túmọ̀ sí oníṣekúṣe, ẹni tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ń darí. Wọ́n lè lò ó fún aṣọ tí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ti kọjá ààlà, fún ọ̀lẹ tí ara rẹ̀ kò yá sí iṣẹ́, fún ẹni tó ń tijú tàbí tó ń ṣe bí ẹni ń tijú, fún ẹni tí kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti fún ohun tó ṣàjèjì lójú ènìyàn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan náà ló gba oníṣekúṣe àti onítìjú mọ́ra. “Ó dára” tàbí “ó dùn mọ́ni” tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí kò tíì sí níbẹ̀. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìyẹn tó gbilẹ̀. Bí òmùgọ̀ ṣe wá di ohun tó wuni kò ṣòro láti rò. Ẹni tó ń ṣe àṣejù lórí nǹkan kékeré bí aláìgbọ́n di ẹni tó ń ṣa nǹkan yàn, aṣayàn di afínjú, afínjú di ẹni tó ń ṣe nǹkan rẹ̀ láìṣì kankan, iṣẹ́ tó sì rí bẹ́ẹ̀ máa ń wu ojú.

Ẹ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ lódindi

Bí ẹ bá ti bá “nice” pàdé nínú ìwé àtijọ́, ẹ má ṣe fa ọ̀rọ̀ náà yọ nìkan. Ẹ kọ gbogbo gbólóhùn tó wà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àti ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ewì bá ni, ẹ kọ ìlà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí sábà máa ń wà.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó níbi kan. Nínú àwọn ìtàn Canterbury, tí Chaucer bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1387 tí kò sì parí títí ó fi kú, obìnrin kan láti ìlú Bath ń sọ ìtàn ajagun ẹlẹ́ṣin kan tí wọ́n ní kó lọ wádìí ohun tí obìnrin fẹ́ràn jù lọ. Èsì tó ń gbà kò bára mu. Àwọn kan ní òmìnira ni àwọn fẹ́, kí àwọn máa ṣe bó ṣe wu àwọn:

“And that no man repreve us of oure vice,
But seye that we be wise and no thyng nyce.”

Bí a bá fi ojú òde òní ka ìlà kejì, yóò di pé àwọn obìnrin náà fẹ́ kí ayé máa sọ pé àwọn gbọ́n, àti pé àwọn kò níwà rere. Kò sí ẹni tó ń tọrọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. “Wise” àti “nyce” ni akéwì fi dojú kọ ara wọn, “no thyng” sì túmọ̀ sí “rárá”. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn wí nítorí àléébù wọn, kí wọ́n sì máa sọ pé ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, pé wọn kì í ṣe òpè rárá. Ìlà méjì yìí tún fi bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà hàn wá, nítorí pé ìró “vice” àti “nyce” gbọ́dọ̀ bára mu ní ìparí ìlà. Fáwẹ̀lì tó wà nínú méjèèjì nígbà náà jọ “i” ti Yorùbá tí a fà gùn, bí ẹni ń pe “níìs”. Kò jọ “náìs” tòní.

Ẹ kó gbogbo àkọtọ́ rẹ̀ jọ

Ọdún 1476 ni William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, oníkálùkù sì ní bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹ lè rí “nice”, “nyce”, “nyse”, “nise” tàbí “nys”, nítorí pé “i” àti “y” máa ń gba ipò ara wọn, bí “u” àti “v” náà ti ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ ìtàn Canterbury tó ṣẹ́ kù lé ní 80. Èyí tó lókìkí jù, tí wọ́n ń pè ní Ellesmere, wà ní Huntington Library ní California, òmíràn tí wọ́n ń pè ní Hengwrt sì wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Wales. Wọn kò bára mu délẹ̀ nínú àkọtọ́. Àwọn olóòtú kan tún máa ń sọ àkọtọ́ di tòde òní kí wọ́n tó tẹ ìwé jáde, nítorí náà ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín bóyá wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Páńpẹ́ kan wà níbí tó ti mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. “Nys” tí ẹ bá rí lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ wa rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, “ne” àti “is” ni wọ́n pa pọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “kì í ṣe” tàbí “kò sí”. Ipò tó wà nínú gbólóhùn ni yóò sọ èyí tó jẹ́: bí kò bá sí ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ “ne is”. Òǹkàwé Yorùbá kò ní rí èyí bí àjèjì. Bí wọ́n bá kọ “oko” sílẹ̀ láìsí àmì, a kì í dájọ́ bóyá ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí oko ni, títí a ó fi rí ohun tó yí i ká. Irú sùúrù yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń fẹ́.

Bí a ṣe ń lo ìwé atúmọ̀ èdè

Ìwé atúmọ̀ èdè kékeré tó wà nínú fóònù kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé tòní nìkan ló mọ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ni Middle English Dictionary, tí Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní ọdún 1930, tí wọ́n sì parí ní 2001. Ojú ìwé rẹ̀ tó 15,000, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni Oxford English Dictionary, tí apá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1884, tí ó sì parí ní 1928 kí wọ́n tó máa tún un ṣe. Òun ló máa ń tọpa ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Owó ni wọ́n fi ń wọ ti Oxford, ṣùgbọ́n àwọn ará wa tó wà ní Britain lè wò ó bóyá káàdì ilé ìkàwé àdúgbò wọn ti ṣí i fún wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba ibẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣí ọ̀rọ̀ náà, ẹ má ṣe dúró sórí ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Ohun iyebíye tó wà níbẹ̀ ni àwọn gbólóhùn tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé àtijọ́ sábẹ́ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà wọ́n, kí ẹ sì wo ọdún tó wà níwájú wọn. Nínú ìwé ti Michigan, ẹ lè rí ọdún méjì pọ̀: èyí tó wà níta ni ìgbà tí wọ́n da ìwé àfọwọ́kọ náà kọ, èyí tó wà nínú àmì àkámọ́ ni ìgbà tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Lẹ́tà “c” níwájú ọdún túmọ̀ sí “nǹkan bí”, “a” sì túmọ̀ sí “ṣáájú”. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà nípa ìgbà tí ìtumọ̀ kan bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹbí rẹ̀. “Nicete” ni ọ̀rọ̀ orúkọ tó wá láti ara “nice”, ó sì máa ń sọ ohun tí “nice” fi pamọ́.

Ẹ gbé ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan wò nínú gbólóhùn

Nígbà tí ẹ bá ti ní gbogbo ìtumọ̀ tó ṣeé ṣe lọ́wọ́, ẹ mú wọn níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wọ́n sípò “nice” nínú gbólóhùn tí ẹ kọ sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò. Èkíní ni irú ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣàpèjúwe, bóyá ènìyàn, aṣọ, ìṣe tàbí ẹ̀kọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tó bá a rìn, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà fẹ́ràn láti so ọ̀rọ̀ méjì tó sún mọ́ra pọ̀. Ẹ̀kẹta ni òdì rẹ̀, bí a ti rí i pẹ̀lú “wise”.

Kò sí ibi tí ọ̀nà yìí ti hàn kedere bí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kejì nínú ewì gígùn tí Chaucer kọ ní ọdún 1380 sí 1390 nípa Troilus àti Criseyde. Ó ń bá àwọn olólùfẹ́ tó ń gbọ́ ewì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n rántí pé ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ máa ń yí padà láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún:

“and wordes tho
That hadden pris, now wonder nyce and straunge
Us thinketh hem, and yet thei spake hem so”.

Ẹ wo “straunge” tó bá “nyce” rìn: àjèjì ni. Ẹ wá wo òdì wọn, “hadden pris”, ìyẹn “ní iyì”. “Wonder” tó ṣáájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ níbí, “gidigidi” ni, “tho” sì jẹ́ “nígbà náà”. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, màá ní: àwọn ọ̀rọ̀ tó níyì láyé ọjọ́un ti wá dà bí ọ̀rọ̀ òpè létí wa, wọ́n ṣàjèjì sí wa gidigidi, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ìlà tó tẹ̀ lé e sọ pé àwọn ará ìgbà náà ṣàṣeyọrí nínú ìfẹ́ bí àwọn ti ìsinsìnyí. Mo fẹ́ràn ibí yìí ju ibikíbi lọ nínú iṣẹ́ Chaucer, nítorí pé ó ń kìlọ̀ fún wa kí a má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣáájú wa, ọ̀rọ̀ tó sì fi kìlọ̀ ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí.

Ìṣe ni ti ẹ̀ẹ̀kejì. Obìnrin ará Bath yẹn, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, ń ròyìn bó ṣe máa ń bá àwọn ọkọ rẹ̀ lò lórí ibùsùn. Ó ní bí òun bá ti rí i pé ọwọ́ ọkọ kan òun lára, òun yóò dìde kúrò, àfi bó bá san ohun tó yẹ kó san. “Thanne wolde I suffre hym do his nycetee”. Bí a bá gbé “ìwà òmùgọ̀” wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Bí a bá gbé “ìtìjú” wò, kò bá a mu rárá. Ibùsùn àti owó tó yí i ká ló ń tọ́ka sí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́: nígbà náà ni òun yóò tó jẹ́ kó ṣe ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ̀gàn òmùgọ̀ sì ṣì ń rùn díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ náà, torí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ka ọkọ náà sí ọlọ́gbọ́n.

Ìgbà tí ìtumọ̀ méjì bá bá a mu

Nígbà mìíràn, ẹ ó gbé ìtumọ̀ méjì wò, méjèèjì yóò sì dúró. Ọmọ iṣẹ́ àlùfáà kan nínú àwọn ìtàn Canterbury ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ sọ irin lásán di wúrà. Ó ní bí ènìyàn tilẹ̀ jókòó ti ìwé rẹ̀ tọ̀sán-tòru láti kọ́ “this elvysshe nyce loore”, asán ni. “Loore” ni ẹ̀kọ́, “elvysshe” sì ni ohun tó jẹ́ ti iwin. Ṣé ẹ̀kọ́ òmùgọ̀ ni “nyce” ń sọ ni, àbí ẹ̀kọ́ tó ṣàjèjì, tó ta kókó? “Asán” tó wà nísàlẹ̀ ń fa òmùgọ̀, “iwin” tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fa àjèjì. Níbi báyìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe fi agbára lé ọ̀kan jáde. Ẹ yan èyí tó lágbára jù sínú ìtumọ̀ yín, kí ẹ sì fi àlàyé kékeré sísàlẹ̀ ojú ìwé nípa èkejì. Èmi yóò kọ “ẹ̀kọ́ iwin tí kò mọ́gbọ́n dání”, nítorí pé iwin ti gbé àjèjì dání.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orísun jọba lórí gbólóhùn

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó mọ̀ pé “aláìmọ̀kan” ni “nescius”, tó sì wá ń ka “nice” gbogbo sí aláìmọ̀kan, títí kan èyí tó wà lára aṣọ. Orísun máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbéra. Kì í sọ ibi tó dé ní ọdún 1390. Èkejì ni ti ẹni tó kàn ń méfò orísun láti inú ohun tó mọ̀. Nínú ìwé ìtàn àròsọ Northanger Abbey tí Jane Austen, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Tilney ń fi ọmọbìnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó ń lo “nice” fún gbogbo nǹkan, ó sì ní bóyá ìmọ́tótó àti ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń fi sọ tẹ́lẹ̀. Ó tọ̀nà pé ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò jù, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tó méfò kò rí bẹ́ẹ̀: òpè ló wà níbẹ̀. Bí ìwé tí ẹ ń kà bá jẹ́ èyí tí wọ́n túmọ̀ láti Faransé tàbí Látìn, ẹ wá ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà níbi tí Gẹ̀ẹ́sì fi “nice” sí. Ẹ̀rí yẹn ju ìméfò èyíkéyìí lọ.

Ẹ dán an wò lórí ọ̀rọ̀ mìíràn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ìtàn Canterbury, Chaucer ṣàpèjúwe ìránṣẹ́ ilé ẹjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípe àwọn ènìyàn lẹ́jọ́:

“In daunger hadde he at his owene gise
The yonge girles of the diocise”.

Lójú òde òní, àwọn ọmọbìnrin ni ewu wà lórí wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá “girle” àti “daunger” nínú ìwé ti Michigan. Ẹ ó rí i pé “girle” lè jẹ́ ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin nígbà náà, àti pé inú ẹbí “dominus” ti Látìn, tó túmọ̀ sí “olúwa”, ni “daunger” ti wá, tí ó ń sọ̀rọ̀ agbára tí ẹnì kan ní lórí ẹlòmíràn. “At his owene gise” ni “bó ṣe wù ú”. Ẹ tún ka ìlà tó tẹ̀ lé e, níbi tí Chaucer ti ní ọkùnrin náà mọ àṣírí wọn, òun sì ni olùdámọ̀ràn wọn. Agbára ni ìyẹn ń sọ. Ní Yorùbá, màá kọ ọ́ báyìí: “Ìkáwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù náà wà, bó ṣe wù ú ló ń darí wọn.”